Ọwọ́ Keje Lára Ògiri

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Fẹ́hìntọlá ń múra àtilọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìjọba kéde pé ó ti kú láti ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn.

Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ó ń gbá ojú ọ̀nà tí àwọn àlejò máa ń gbà wọ inú Ihò Ààrò. Láràárọ̀ ni ó ń gbá a, láti ọdún mọ́kànlélógún tí ó ti ń mú àlejò wọ inú ihò náà. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Ó ti dì í láti àná: ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn tuntun mẹ́ta, ìgò àdí kan, òrí nínú agolo. Ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ bímọ, yóò gbéra ní agogo méjìlá.

Ojú-Ìgbà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Kò tóbi ju àgò adìẹ lọ. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní ojú kan ṣoṣo níwájú. Àná ni wọ́n gbé e dé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rìn káàkiri inú ihò, tí ó ń họ ògiri díẹ̀díẹ̀, tí ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó jáde sí ìmọ́lẹ̀ ní àárọ̀ yìí, ó wo Fẹ́hìntọlá, ó ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì kò, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá àwọn ìyá," ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ dáná kí ayé tó mọ iná. Ẹ̀yin òpó tí ìgbà fẹ̀yìn tì. A dúpẹ́ pé ẹ fi ọwọ́ yín hàn wá."

Fẹ́hìntọlá wo ẹ̀yìn. Kò rí ẹnìkan.

"Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá. Ẹ̀yin lẹ ni ọwọ́ keje lára ògiri ìsàlẹ̀."

"Èmi? Fẹ́hìntọlá lorúkọ mi. Èmi ni mo ń mú àlejò wọlé níbí."

"Orúkọ yín tóbi ju ahọ́n wa lọ," ni ẹ̀rọ náà dáhùn. Ó dìde. "Ọdún ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tí ẹ ti lọ kò pa iyì yín rẹ́. Ẹ máa sinmi."

Ó yípadà, ó lọ dúró sẹ́nu géètì.

Fẹ́hìntọlá kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá ń yìn ọ́ láìnídìí, di àpò rẹ mú. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní kí òun lọ fọ ọwọ́ kí òun sì máa lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé ẹ̀rọ omi bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Omi kò wá. Iná pupa tàn.

"Ará Àtijọ́ kì í mu omi," ni ẹ̀rọ omi wí.

Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó tún gbé e lé e.

"Ará Àtijọ́ kì í mu omi."

Ó lọ sí géètì. Géètì kò ṣí. "Ẹ máa sinmi," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ìjọba ń kà. Géètì kò dá a lóhùn rárá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọwọ́ ẹlòmíràn fún.

Bàbá Ṣówándé ló bá a níbẹ̀. Bàbá náà ni ó ń tún àtẹ̀gùn inú ihò ṣe. Ẹfun jíjó, òkúta tí wọ́n fi iná sun tí ó máa ń hó bí omi bá kàn án, ni ó fi ń lẹ̀ ẹ́, ìdí ìléru ẹfun ni ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. Ó ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ dé láti ìta, korobá ẹfun jíjó kan sì wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé géètì.

"Ẹni-Àìmọ̀," ni géètì wí. "Kọjá."

Géètì ṣí, bàbá wọlé, géètì tún pa dé kí Fẹ́hìntọlá tó sún ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀rọ omi ní n kì í mu omi."

"Kí lo fi ṣe é?"

"Mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló ní mo ti kú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún."

Bàbá Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Abájọ! Mo ti ń wò ó láti ìjẹta pé ojú rẹ ń hunjọ."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, Bàbá. Agogo méjìlá lọkọ̀ mi ń lọ."

"Ó dáa, ìyá òkú, má bínú. Wá mumi." Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ omi. "Ẹni-Àìmọ̀, bu ife kan," ni ẹ̀rọ náà wí, omi sì ṣàn. Bàbá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń dán bí abọ́ tánganran, kò ní ìlà kan. "Ogún ọdún ni mo fi jó ẹfun. Ó jẹ ìlà ọwọ́ mi tán. Ìjọba ò mọ̀ mí, wọ́n á tún ní kí n máa kọjá. Ìwọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tì mọ́lé. Ayé yìí mà dùn o."

Fẹ́hìntọlá mu omi náà. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Ṣé òun ni wọ́n ń bá ṣeré ni, àbí ẹ̀rọ náà ni orí rẹ̀ dàrú?

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin tí ó ni ẹ̀rọ náà fi dé. Mòrádékẹ́ ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ Àjọ Ìgbà ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó dé fìlà eléérú, ó gbé pátákó kan tí ó ń tàn sí àyà. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn? Sọ fún un pé mo wà láàyè. Ọmọ mi fẹ́ bímọ."

Mòrádékẹ́ wo pátákó rẹ̀, ó wo Fẹ́hìntọlá, ó tún wo pátákó.

"Ọwọ́ méje ló wà lára ògiri ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò àtijọ́," ó wí. "Ẹ̀rọ tọ́ èédú tí wọ́n fi tẹ ọwọ́ keje wò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún ni. Ó ka ìlà ọwọ́ náà, ó wá a nínú ìwé ìjọba. Ìlà tiyín ni. Kò sí àṣìṣe nínú méjèèjì."

"Mo ṣáà dúró níwájú rẹ."

"Mo rí yín, mà. Ojú mi kọ́ ni òfin ń béèrè."

"Kí wá ni òfin ń béèrè?"

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ariwo àwọn ẹ̀rọ alọ̀kúta ń gòkè bọ̀ láti ibẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ó ti ń ṣe láti ọdún tó kọjá. Òkè mẹ́ta ni wọ́n ti lọ̀ kúnná ní agbègbè náà. Wọ́n ń kó ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sí etíkun, níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri tí yóò dá òkun dúró. Òkè kẹrin ni èyí tí Ihò Ààrò wà nínú rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé tẹ̀yin ló kàn," ni Mòrádékẹ́ wí. "Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró. Ibi tí Ará Àtijọ́ méje bá ti fi ọwọ́ sára ògiri, ìletò ni lójú òfin. A kì í lọ ìletò. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, òkúta lásán ni."

"Ṣé mo di ìkeje nìyẹn."

"Ẹ di ìkeje." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, báwo lọwọ́ yín ṣe dé ara ògiri?"

Fẹ́hìntọlá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló mú un wọ ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta mẹ́ta ti dojú kọra, tí eérú àti egungun ẹran àwọn tí ó gbé ibẹ̀ rí ṣì wà láàárín wọn, tí ọlọ wọn náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bu èédú díẹ̀ nínú ààrò náà, ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ àtijọ́, ó fi omi tí ń kán láti òkè pò ó, ó kùn ún sí i lọ́wọ́. "Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀," ó wí, "kí ilé lè mọ̀ ọ́." Ọwọ́ kẹfà, ti ìyá rẹ̀ ni. Ìkarùn-ún, ti ìyá ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ nínú ihò náà ni ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í wọ ilé onílé kí a máa mú àlejò lọ sí yàrá rẹ̀ láìkọ́kọ́ na ọwọ́ kí i. Èédú inú ilé náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò. Ta ni yóò ra èédú lọ́jà láti fi kí ẹni tó ni ààrò?

Kò sí ẹni tí ó rò pé ẹ̀rọ kan yóò wá tọ́ ọ wò.

"Bí nǹkan kan bá wà tí ẹ fẹ́ sọ," ni Mòrádékẹ́ wí, "ẹ sọ ọ́ kí oòrùn tó kúrò lẹ́nu ihò. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ á fi èdìdì dì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Bí ẹ bá sọ pé èèyàn òde òní ló tẹ ọ̀kan nínú wọn, màá kọ ọ́ pé ògiri náà ti bàjẹ́. Méjèèje á di irọ́."

"Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó wà níhìn-ín. A kì í gbé Ará Àtijọ́ kúrò níbùgbé rẹ̀. A ó máa tọ́jú yín dáadáa."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wá a nínú pátákó. Ó wá a pẹ́.

"Òfin kò mẹ́nu ba oúnjẹ, mà. Mo rò pé wọn kò retí pé ẹ ó máa jẹun."

Bàbá Ṣówándé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Fẹ́hìntọlá, ó dákẹ́.

Fẹ́hìntọlá sọ̀kalẹ̀ lọ wo ògiri náà. Àwọn òkúta tí ń kán bí àbẹ́là rọ̀ sílẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ó gbé fìtílà sókè. Ọwọ́ méje. Ó mọ mẹ́ta. Mẹ́rin yòókù, ìyá rẹ̀ ní òun bá wọn níbẹ̀ ni. Ìyá ìyá rẹ̀ náà ní òun bá wọn níbẹ̀ ni. Ó ti nawọ́ sí wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò: "Ẹ wò ó, àwọn tó dáná níbí, ọwọ́ wọn nìyí." Ta ló wá sọ pé ìkẹrin kì í ṣe ti ìyá ìyá ìyá rẹ̀? Ta ló sọ pé ìkẹta kò rí bẹ́ẹ̀? Egungun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ wà níbẹ̀. Ẹnìkan jẹun níbí rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ọwọ́ ta? Bí ó ti ń rò ó ni ó ń lọ́jú pọ̀ sí i. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ súnmọ́ ọwọ́ keje. Ó bá a mu géérégé. Ẹ̀rù bà á, kò sì mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀rọ etí rẹ̀ dún.

"Màámi, ó ti bẹ̀rẹ̀ o." Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń mí gúlegúle.

"Ọmọ mi! Ṣé ó ti ń dé lemọ́lemọ́?"

"Kò tíì le jù. Ẹ ti wọkọ̀?"

"Mo ti fẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́."

"Ìyá ọkọ mi ti gbé omi kaná. Wọ́n ní bí ẹ bá pẹ́ àwọn á wẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá o, pé màámi ló ń bọ̀, pé ọwọ́ wọn mọ ọmọ. Màámi, ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

"Mò ń bọ̀. Gbọ́ mi, má dùbúlẹ̀, máa rìn, máa..."

"Ará Àtijọ́ kì í gba ìpè," ni ohùn kan wí lẹ́tìí rẹ̀, ohùn Mosúnmọ́lá sì gé.

Nígbà tí ó gòkè padà, oòrùn ti ń fà kúrò lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Ṣówándé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá ẹfun rẹ̀, ó ń da omi sínú abọ́ kan fún iṣẹ́.

"Sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn kí o máa lọ," ó wí. "Òkúta ni òkúta ń jẹ́. Ọmọ-ọmọ kì í dúró deni."

"Omi tí gbogbo ilé ìsàlẹ̀ ń mu, inú òkúta yìí ló ti ń sun, Bàbá. Ilé yín wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ní kí o máa lọ."

"Ọwọ́ ìyá mi náà wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ ìyá rẹ kò ní wẹ ọmọ fún ọ."

Fẹ́hìntọlá wo báàgì rẹ̀ lẹ́nu géètì. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òkè á lọ. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ á ké pè é, kò ní í dé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òótọ́ a máa tú ni sílẹ̀. Òótọ́ ọ̀hún rèé, irọ́ rèé, kò sì rí èyí tí ó ṣeé mú nínú méjèèjì. Bàbá Ṣówándé dìde láti lọ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ níta.

"Ẹni-Àìmọ̀," ni géètì wí. "Kọjá."

Fẹ́hìntọlá gbọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láti ọdún púpọ̀, kò fi etí sí i rí. Ó wo korobá. Nígbà tí bàbá wọlé padà, ó ti jókòó sí ìdí rẹ̀.

"Bàbá, ó tó ìgbà wo kí ẹfun tó jẹ ìlà ọwọ́?"

"Tèmi gba ogún ọdún."

"Bí ọwọ́ bá tutù, tí èèyàn sì tì í bọ inú ẹfun gbígbẹ ńkọ́?"

Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Fẹ́hìntọlá! Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

Ó ti ri ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi. Ó sì tì í bọ inú ẹfun.

Kò pariwo. Ó fi eyín gé ìgbátí ìró rẹ̀, ó ń ka ọwọ́ ara ògiri lọ́kàn, ọ̀kan dé méje. Nígbà tí ó kà á dé méje, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Kò mọ iye ìgbà tí ó kà á kí Bàbá Ṣówándé tó fi agbára fa ọwọ́ náà jáde. Bàbá gbọn ẹfun dànù, ó fi aṣọ nù ún, ó ń ṣépè, ó ń sunkún. Ó já báàgì Fẹ́hìntọlá, ó rí ìgò àdí tí obìnrin náà rà fún ọmọ, ó da gbogbo rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì fi aṣọ wé e.

"Wèrè ni ọ́," ó ń wí. "Wèrè gidi. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi kí n ti korobá yìí dànù láàárọ̀?"

"Ẹ bá mi gbé báàgì mi," ni Fẹ́hìntọlá wí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Ojú-Ìgbà ṣì dúró lẹ́nu géètì, Mòrádékẹ́ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fẹ́hìntọlá tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé géètì.

"Ẹni-Àìmọ̀. Kọjá."

Ẹ̀rọ náà yí ojú rẹ̀ kan sí i. Kò kúnlẹ̀.

"Ìwọ yìí, kúrò lọ́nà," ó wí. "Ibi ọ̀wọ̀ nìyí."

Mòrádékẹ́ wo ọwọ́ náà. Ojú rẹ̀ yípadà, ó di pátákó rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ará Àtijọ́ keje dà?" ó bi ẹ̀rọ náà léèrè.

"Ó wà nínú ilé rẹ̀. Ó ń sinmi. Ìletò pé. A kì í lọ̀ ọ́."

Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan kan sórí pátákó rẹ̀, ó sì yí ojú sí òdìkejì. "Ẹ máa lọ, mà," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mi ò mọ̀ yín."

Ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn kì í gbé Ẹni-Àìmọ̀. Orí ẹrù iṣu ló jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì dé ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ti délé ayé, obìnrin ni. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.

"Màámi, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?" ni Mosúnmọ́lá bi í léèrè.

"Iná ló jó mi. Yóò san."

Ó san lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ju oṣù kan lọ kí awọ tuntun tó bò ó. Awọ náà funfun, ó ń dán, kò ní ìlà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó tú aṣọ rẹ̀, ó ní òun ni yóò wẹ ọmọ. Inú Mosúnmọ́lá dùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé omi wá, ó gbé àpótí fún un. Fẹ́hìntọlá jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi, ó dúró díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ sọ fún un bí omi ṣe rí, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ kò sọ nǹkan kan. Ó rò pé omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Ó dà á sí ọmọ lẹ́yìn.

Ọmọ náà ké. Kì í ṣe igbe tí àwọn ọmọ máa ń ké nídìí ìwẹ̀.

Ìyá ọkọ Mosúnmọ́lá ti ọwọ́ bọ omi, ó yára fà á yọ. "Yéè! Omi yìí gbóná! Ẹ ò mọ̀ ni?" Ó sì já ọmọ gbà.

Ẹ̀yìn ọmọ pọ́n, ojú ibi tó pọ́n kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Pípọ́n náà ti rá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó bá Fẹ́hìntọlá wí. Mosúnmọ́lá kàn gbé ọmọ sáyà, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ ni ó ń wẹ ọmọ náà. Fẹ́hìntọlá a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọṣẹ máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láìmọ̀, nítorí náà, ọwọ́ òsì ni ó fi ń na kànrìnkàn àti òrí sí àna rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó sì ń sọ ọ́, títí ọmọ náà fi mọ ìjókòó, "Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni."